Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Alágbàká

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe iyèméjì pé ọwọ́ ọkùnrin kan lè gùn láti Àbújá títí dé inú ìkòkò ọbẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé, kó lọ bi Monílọ́lá, aya Adédèjì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1998, obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fẹ́ iná igi tí kò fẹ́ ràn. Orílẹ̀-èdè tó ń wa epo lọ́sàn-án lóru, kẹrosíìnì ti di ohun tí ará ilú ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lásán. Ẹ̀wà tó gbé kaná láti aago márùn-ún kò tíì rọ̀. Àánú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti mu gaàrí lọ sílé ìwé. Nínú yàrá, ọkọ rẹ̀ ń kọrin ìyìn lábẹ́ ohùn, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ra bàtà.

Orin yẹn gan-an ló ń bí Monílọ́lá nínú. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n dá fún ọkọ rẹ̀. Bí ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò bá dé ọ́fíìsì kan ní Alágbàká, ọ́fíìsì ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kò ní pátákó orúkọ ṣùgbọ́n tí gbogbo ayé mọ̀, ọkọ̀ á wá gbé e. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló gbé Jethro, mẹkáníìkì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, lọ́dún tó kọjá, nítorí ìwé ìròyìn kan tí ìjọba fòfin dè, tí wọ́n bá lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ tó ń tún ṣe. Oṣù márùn-ún ló lò ní àtìmọ́lé. Láti ìgbà tó ti dé, bó bá ti kí èèyàn pé "ẹ káàárọ̀," ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni.

Àdúrà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ni Adédèjì ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ Oǹdó ni, òun ló sì máa ń darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ìdílé wọn nígbàkígbà tó bá lọ sílé. Kò sí ọmọ Áńgílíkà tí kò mọ̀ pé a kì í parí ìsìn láìgbàdúrà fún ẹni tó wà lórí àga, kí a sì dá orúkọ rẹ̀. Láyé òyìnbó, ọba Gẹ̀ẹ́sì la dárúkọ. Nígbà tí òyìnbó lọ, ẹnikẹ́ni tó bá gbàjọba la dárúkọ, ìbáà ṣe olè. Ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú oṣù karùn-ún, Adédèjì dé ibi orúkọ yẹn, ó fò ó, ó ní, "Olúwa, rántí ẹni tí àwa fọwọ́ ara wa dìbò yàn, níbi tí wọ́n tì í mọ́." Àmín tí ìjọ ṣe lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń kọjá lójú títì gbọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe àmín ọ̀hún náà ló lọ sọ fún wọn ní Alágbàká.

Ìyá Adédèjì, tí wọ́n ń pè ní Màmá Oǹdó, ti bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọ̀lú. Kò tíì sọ iṣu tó gbé wá kalẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Dèjì, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Màmá, àdúrà ni mo gbà."

"Àdúrà! Bàbá rẹ dárúkọ gbogbo wọn títí ó fi kú. Ó dárúkọ Gẹ̀ẹ́sì, ó dárúkọ sójà, Ọlọ́run ò bínú sí i. Orúkọ lásán ni. Ó jáde lẹ́nu rẹ, ó tán."

"Bàbá mi ò rí irú eléyìí."

"Ó rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn mọ̀ pé òun bí ọmọ ni."

Adédèjì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi aṣọ nu imú bàtà. Monílọ́lá gbé àwo ẹ̀wà wọlé, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Bàbá Àánú, ìlà mẹ́fà péré ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni màá fi tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kí ẹ ṣáà fọwọ́ sí i."

"Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan."

"Wọ́n á wá o."

"Jẹ́ kí wọ́n wá." Ó bu ẹ̀wà sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀wà yìí le."

"Ìlú ló le!" Monílọ́lá dìde. "Ẹ̀ ń jẹun! Ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé yín, ẹ̀ ń sọ ti ẹ̀wà! Bí wọ́n bá gbé yín lọ, ta ni kí n máa sọ fún Àánú pé ó wà níbo? Ṣé kí n máa gbé àwo oúnjẹ kiri ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá bí ìyá Jethro ni?"

Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè, ó wò ó bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó tún gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Monílọ́lá, fọkàn balẹ̀." Obìnrin náà rò pé ìgboyà lòún ń wò. Inú bí i, orí rẹ̀ sì wú pẹ̀lú, nítorí kò sí obìnrin tí kì í fẹ́ kí ọkọ òun jẹ́ ọkùnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló máa sunkún ẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Ògúnníyì, onílé wọn, kanlẹ̀kùn. Báàjì tí wọ́n ya ojú Ọkùnrin Yẹn sí ń tàn láyà agbádá rẹ̀. Ọkùnrin Yẹn ni gbogbo ilé ń pe ọ̀gágun tó ń ṣèjọba ní Àbújá, nítorí orúkọ rẹ̀ gan-an ti di ohun tí à ń bẹ̀rù láti fi sẹ́nu. Ògúnníyì ti ń pàtẹ́wọ́ fún un láti ọjọ́ tí orin sójà ti dún lórí rédíò, tí wọ́n ní ìjọba ti yí padà. Nígbà yẹn, ó ní oṣù mẹ́fà péré ni ọ̀gágun náà máa lò. Nígbà tó di ọdún kan, ó ní ká ṣe sùúrù. Ó di ọdún kẹrin, Ògúnníyì di alága ẹgbẹ́ tó ń gbé ìwé ká ilé dé ilé, kí ará ilú tẹ àtàǹpàkò sí i, kí wọ́n fi bẹ Ọkùnrin Yẹn kó má lọ mọ́.

"Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún ìwé tí ẹ kà," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo nilé. Bí ọkọ̀ yẹn bá dúró síwájú ilé mi, ta ni wọ́n á kọ́kọ́ bi léèrè?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò mọ̀ mí."

"Màá sọ bẹ́ẹ̀," Ògúnníyì dáhùn, ojú kò tì í rárá.

Níta, àwọn tó ń fa omi lẹ́bàá kànga ti dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Nígbà tí Adédèjì jáde pẹ̀lú báàgì rẹ̀, Ìyá Goodness tó ń ta búrẹ́dì fi okùn kànga sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i. "Tíṣà, ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù ní Àkúrẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé." Adédèjì gba iwájú Jethro kọjá, ó kí i, ó yára bọ́ sójú ọ̀nà.

Màmá Oǹdó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ìyàwó mi."

"Mà."

"Gbogbo Àkúrẹ́ lò ń bá kọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Tọkọ ẹ ni ọwọ́ ẹ ò ká?"

Monílọ́lá kó àwo, ó pa iná, ó tún ìró rẹ̀ ró.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, nítòsí ògiri ààfin, taipuráítà kan àti àga méjì ló wà nínú rẹ̀. Nígbà kan rí, ìwé ìgbaṣẹ́ àti ètò ìsìnkú ló máa ń tẹ̀. Láti bí ọdún méjì, ìwé ẹ̀bẹ̀ ló gba gbogbo iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ ní Alágbàká: ìlà àkọ́kọ́, jẹ́wọ́, ìlà kejì, di ẹ̀bi ru èṣù, ìlà kẹta, yin ìjọba, àwọn ìlà tó kù, fi ọmọ bẹ̀bẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ fún oníṣòwò, ó tẹ̀ ẹ́ fún olùkọ́ yunifásítì, ó tẹ̀ ẹ́ fún pásítọ̀ kan tó ní kó ti ilẹ̀kùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò sọ ti ẹnì kan fún ẹnì kejì rí. Àwọn èèyàn fọkàn tán an nítorí ẹnu rẹ̀ tó pa dé, òun náà sì ń fi í yangàn. Bí oníbàárà kan bá jáde, tí òmíràn wọlé, tí wọ́n sì kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, oníkálukú á ní ètò ìsìnkú lòun wá tẹ̀.

Lọ́jọ́ yìí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìwé Adédèjì gbà. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó mú bíírò, ó fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń fọwọ́ sí ìwé, ìrù A kan tó gùn, àti àmì méjì lábẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń wo ọwọ́ yẹn. Ó wò ó, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bó bá bínú sí mi, ó rò nínú ara rẹ̀, inú ilé ni yóò ti bínú, mo ṣáà máa rí i.

Ó gun ọ̀kadà lọ sí Alágbàká. Aago mọ́kànlá kò tíì lù. Nínú ọ́fíìsì tí kò ní pátákó, èèyàn mẹ́jọ ló wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àpòòwé lọ́wọ́, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Kò sí ẹni tó kí ẹnì kejì. Fọlákẹ́, akọ̀wé tó ń gba ìwé, mọ̀ ọ́n nítorí àìmọye ìwé tó ti ọwọ́ Monílọ́lá jáde ló máa ń parí sórí tábìlì rẹ̀.

"Ìyá Àánú, ti ta ni ẹ gbé wá lónìí?"

"Tọkọ mi."

Fọlákẹ́ gba ìwé náà, ó kà á, ó sì gbé ojú sókè. "Tọkọ yín? Tíṣà?"

"Òun ni. Ṣé ó pẹ́ ni?"

"Kò pẹ́." Ọmọ náà wo ọkùnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá inú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Àánú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná..."

Kò parí ọ̀rọ̀. Tẹlifóònù dún nínú yàrá inú. Wọ́n gbọ́ ohùn ọ̀gá tó dáhùn, lẹ́yìn náà wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tó yá, ọ̀gá náà jáde, kọ́là rẹ̀ ṣí, ó wo gbogbo wọn lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n wá ṣe, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Wọ́n gbọ́ tí mọ́tò rẹ̀ gbéra. Fọlákẹ́ ju ìwé Monílọ́lá sínú páálí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ máa lọ sílé," ó sọ fún gbogbo wọn. "Ọ́fíìsì ti pa."

Monílọ́lá jáde pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Ìwé ti wọlé, aago méjìlá kò tíì lù. Ó ra ẹja gbígbẹ, ó ra ilá, ó ń gbèrò bí yóò ṣe gún iṣu tí Màmá gbé wá, tí ọkọ rẹ̀ yóò fi yó kó tó sọ fún un. Nígbà tó dé Ọjà Ọba ló rí i pé ọjà ń ṣe bákan. Àwọn èèyàn ń tẹrí sétí ara wọn, wọ́n ń wo ẹ̀yìn, wọ́n tún ń tẹrí. Adépéjú aláta, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Monílọ́lá, ti da aṣọ bo ata.

"Ìyá Àánú, palẹ̀ mọ́, máa lọ ulé."

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n ti ń mú èèyàn ni?"

"Rárá o." Adépéjú wo ọ̀tún, ó wo òsì. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń la ọjà já, ó wá di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú ọwọ́. "Wọ́n ní Ọkùnrin Yẹn ti kú. Wọ́n ní láti ìdájí ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Èmi náà ò sọ ọ́."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn lọ́jọ́ náà nìyẹn, kò sẹ́ni tó sọ ọ́, gbogbo ayé sì gbọ́. Ẹ̀rù tó ti wọ èèyàn lára fún ọdún márùn-ún kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọlọ́kadà kan ló kọ́kọ́ fun fèrè, ó tún fun ún, ó wò bóyá wọ́n máa mú òun. Nígbà tí wọn kò mú un, ẹlẹ́ẹ̀kejì fun tirẹ̀. Kó tó di aago méjì, wọ́n ti ń já ewé lórí igi so mọ́ iwájú ọ̀kadà, obìnrin ń jó lójú títì, ọlọ́pàá tó wà níkòríta sì bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń fi í fẹ́ ara rẹ̀. Adépéjú ṣí ata rẹ̀, ó ń bù ú fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá!

Monílọ́lá jó. Ó jó títí gèlè fi bọ́. Lójijì ló dúró láàárín ijó. Láti ìdájí! Òkú ló lọ bẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró gbọn-in ní tirẹ̀, òun ló wá lọ tẹ orí rẹ̀ ba fún ẹni tí kò sí láyé mọ́. Ní báyìí tí gbogbo ìlú yóò máa wá ẹni tí kò bẹ̀, ìwé kan wà ní Alágbàká tó ní Adédèjì bẹ̀. Bí ìjọba mìíràn bá dé, tí wọ́n ṣí páálí yẹn ńkọ́?

Ó tún gun ọ̀kadà padà. Ẹ̀ṣọ́ kankan kò sí lẹ́nu géètì. Fọlákẹ́ nìkan ló bá, ó ń kó ife àti sálúbàtà rẹ̀ sínú báàgì.

"Fọlákẹ́, ọmọ dáadáa, fún mi níwèé yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ọmọ náà ti páálí sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀. "Ẹ wá a níbẹ̀. Orúkọ lorúkọ ni mo tò ó."

Páálí náà kún dé ẹnu. Monílọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì ń kò ó lójú, ojú ìwé lórí ojú ìwé, lẹ́tà R taipuráítà rẹ̀ tó kán nídìí. Ó ju igba lọ. Oníṣòwò wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, ará ilé wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló sì rò pé òun nìkan lòún bẹ̀. Èyí ló gún Monílọ́lá lọ́kàn. Èèyàn tó pọ̀ tó báyìí, bí wọ́n bá ti mọ ara wọn ni, ta ni ìbá rí wọn gbé? Òun tó mọ gbogbo wọn, òun ló pa ẹnu dé, tó ń fi í yangàn.

Ó rí tirẹ̀. Píìnì kan wà lórí rẹ̀, Fọlákẹ́ sì ti fi gún un mọ́ ìwé mìíràn. Ìwé onílà ni, irú èyí tí tíṣà fi ń ṣe ìdánwò. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gún, ó dára. Kò nílò kó wo orúkọ ìsàlẹ̀ kó tó mọ̀. Déètì ọjọ́ Ẹtì ló wà lókè.

"Mo fẹ́ sọ fún yín láàárọ̀," Fọlákẹ́ ní. "Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà yẹn ló ń wò mí. Fúráìdè ni Tíṣà wá. Ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ẹ gbọ́."

Monílọ́lá ka ìwé náà lórí ìdúró. Adédèjì jẹ́wọ́ pé òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òun yóò dárúkọ olórí ìjọba nínú àdúrà láti ìsinsìnyí lọ. Lẹ́yìn náà ni ìlà kan tó fi agbára kọ ju èyí tó kù lọ: ìyàwó mi tó ń tẹ̀wé lẹ́bàá ààfin kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí, kò sì tẹ̀wé fún alátakò kankan rí, ohun tí ẹ bá fẹ́ ṣe fún un, ẹ ṣe é fún èmi.

"Wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀yin làwọn á kọ́kọ́ gbé," Fọlákẹ́ ní, "ẹ̀yin àti ẹ̀rọ yín."

Ìdí rèé tó fi fọkàn balẹ̀ jẹ ẹ̀wà láàárọ̀. Inú bí Monílọ́lá sí ọkọ rẹ̀ nítorí orin tó ń kọ, inú rẹ̀ sì tún yọ́ sí i débi pé ó ní láti jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀. Wo bí wọ́n ṣe ń gun èèyàn bí ẹṣin! Kì í ṣe ẹ̀rù ara ẹni ni wọ́n fi ń dè wá. Ẹni tí a fẹ́ràn ni wọ́n fi ń dè wá mọ́lẹ̀. Ó so ìwé méjèèjì mọ́ etí ìró, ó dìde, ó lọ sílé.

Ọ̀bà-Ilé ń hó. Iwájú ilé kún fún èèyàn, àga wà láàárín, Adédèjì ló wà lórí rẹ̀. Ògúnníyì ti gbé mínírà páálí kan jáde. Báàjì kò sí láyà rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ihò píìnì méjì ṣì hàn lára agbádá. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i; onílé tún ti rí ibòmíràn tí yóò dúró sí.

"Èmi mọ̀!" Ògúnníyì ń ké. "Láàárọ̀ yìí ni mo dúró níwájú rẹ̀, mo ní, Tíṣà, má bẹ̀ wọ́n! Akọni ni! Gbogbo wa ló ń gbọ̀n, òun nìkan ni kò tẹrí ba!"

"Òun nìkan!" ni wọ́n ń dáhùn. Màmá Oǹdó ń jó pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó ti gbàgbé pé òun ló ní kó bẹ̀. Jethro dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ bó ṣe máa ń wò ó. Adédèjì jókòó láàárín ìyìn, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Nígbà tó rí ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ kò dúró lára rẹ̀.

"Kó bá wa sọ̀rọ̀!" Ìyá Goodness ní. "Ẹni tí kò bẹ̀, kó sọ̀rọ̀!"

Monílọ́lá bọ́ sí àárín agbo. Ó tú etí ìró, ìwé kan ṣoṣo ló mú jáde, ó sì tún etí ìró so.

"Ẹ gbọ́ ná. Láàárọ̀ yìí, èmi ni mo tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ ní orúkọ ọkọ mi. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Mo gbé e dé Alágbàká kó tó di aago méjìlá. Òun rèé. Ọkọ mi ò mọ̀ sí i."

Màmá Oǹdó dá ijó dúró, ó wá ibi tó máa fara tì.

"Haà!" Ògúnníyì ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Obìnrin! O ta orúkọ ọkọ rẹ! Akọni bí èyí, ìyàwó tirẹ̀ ló wá..." Ó mirí. Àwọn mìíràn náà mirí.

Monílọ́lá kò wo ọkọ rẹ̀. Kò fẹ́ fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà là fún un bó bá fẹ́ kọjá: kó jókòó síbẹ̀, kó jẹ́ akọni, kí ìyàwó máa ru ìtìjú lọ. Ìwé kejì wà nínú ìró rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò rí i láéláé. Ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn. Ìgò mínírà kan ṣubú, ó yí lọ.

Adédèjì dìde.

"Tèmi ṣíwájú tirẹ̀," ó ní. Ohùn tó fi ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi sọ ọ́, ó dé ojú títì. "Ọjọ́ Fúráìdè. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, ẹsẹ̀ mi ni mo fi gbé e lọ. Wọ́n ní àwọn á gbé ìyàwó mi, mo bẹ̀ wọ́n. Ojú sì tì mí láti sọ fún un."

Kò sẹ́ni tó mirí mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa wá, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọn kò retí ló ti wá.

"Èmi, oṣù kejì," Jethro ní. Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ sínú agbo. "Inú àtìmọ́lé ni. Ìyá mi ló mú un wọlé fún mi. Mo ní mi ò ní í fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i."

Ìyá Goodness fi etí ìró nu ojú. "Èmi, oṣù kẹta. Ìwé ìròyìn tí mo fi wé búrẹ́dì ni. Àwòrán ẹni tí a dìbò fún ló wà lára rẹ̀, èmi ò mọ̀ọ́kà, mi ò kúkú mọ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Màmá Oǹdó di ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ògúnníyì onílé, tó tẹjú mọ́ ìgò mínírà ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

Monílọ́lá wò ó títí, kò lanu. Oṣù kìíní ni tirẹ̀, ojú ìwé méjì gbáko.